Ẹni Tó To Ilẹ̀ Ìbodè-Ọya

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní London, kò sì sí ẹni tó lè fojú di iṣẹ́ ọwọ́ níwájú mi kí n dákẹ́. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Inú mi máa ń yá láti bí. Yéwándé, ìyàwó mi, ní kẹ́tùlù ni wọ́n fi ṣe àyà mi. Kó máa sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ẹni tí kò bá bí nínú, á jẹ́ pé olúwa rẹ̀ kì í bínú láyé rẹ̀ ni.

Mùsílíù Akínọlá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Peckham tó ń béèrè Mùsílíù, á béèrè títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá Àmírà ni gbogbo ayé ń pè mí. Àmírà ni àkọ́bí wa, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ ni orúkọ tèmi ti lọ jókòó sílé. Ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra góòmù, lẹ́nu àwọn tó ń ta iṣu ní Rye Lane, Bàbá Àmírà ni mí. Kò dùn mí rí. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ.

Àmírà ń kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì. Iṣẹ́ àwọn tó ń wa ilẹ̀ ni, tí wọ́n ń wo ohun tó bá jáde níbẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Ọlábọ̀wálé, lọ sí Nàìjíríà, sí etí odò Ọya, níbi tí wọ́n ń pè ní Ìbodè-Ọya. Ìlú ààlà ni ibẹ̀ nígbà láéláé. Ìhín ni ilẹ̀ Yorùbá parí sí, ọ̀hún ni ilẹ̀ Tápà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò iyọ̀ àti ẹlẹ́ṣin ń wọlé, wọ́n ń jáde, oníbodè ń wo ojú gbogbo wọn, ẹni tó ń bọ̀rìṣà àti ẹni tó ń kírun sì ń gbé ní àdúgbò kan náà. Odi ìlú náà ṣì wà nínú igbó dòní. Wọ́n ti hú ojúbọ méjì àti ilé oníbodè kan jáde níbẹ̀. Wọ́n tún rí ilé mìíràn tí wọn kò mọ ohun tí àwọn onílé ń fi ṣe, ni wọ́n bá kàn pè é ní Ilé Kẹrin.

Ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kejì, Àmírà tẹ́ àwòrán Ilé Kẹrin sórí tábìlì nílé ìdáná wa. Mo ń mu tíì mi lọ, mo yọjú wò ó. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n gbé dúró lórí etí, tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà. Ìlà méjì àkọ́kọ́ tẹ̀ lé ògiri tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìlà tó kù fì sí apá kan, bẹ́ẹ̀ ló sì fì títí ó fi dé òpin yàrá. Wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Òyìnbó. Mo ní kó kà á fún mi.

“It says the floor was poorly laid, probably by unskilled labour, in the town’s last years. Ohun tí wọ́n máa fi sára wall nìyẹn, Daddy, fún exhibition tí a máa ṣe ní library ní June.”

“Unskilled? Ta ni unskilled?”

“Àwọn tó ṣe floor yẹn now. Ẹ wò ó, it’s wonky.”

Ara mi gbóná. Mo gbé ife tíì kalẹ̀.

“Àmírà, o ti tẹ́ ilẹ̀ rí?”

“Daddy, ẹ má start, please.”

“Mo bi ẹ́ ni. O ti tẹ́ ilẹ̀ rí? Ọ̀gá ẹ ńkọ́? Ọ̀kankan nínú yín ti kúnlẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí?”

Ó fẹ́ ká àwòrán rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo mú téèpù láti inú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo ń wọn ìlà kan sí èkejì. Gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ìlà rẹ̀ máa ń fẹ̀ níbí, á sì fún lọ́hùn-ún. Ti ọkùnrin yìí kò yẹ̀ rárá. Ó ti pinnu pé ibi tí òun fẹ́ kọjú sí nìyẹn, ògiri ni kò bá a pinnu rẹ̀. Mo ti rí irú èyí rí.

“Ibo ni àríwá wà nínú àwòrán yìí?”

Ó fi ọfà kékeré kan hàn mí ní igun ìwé náà.

“Kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn?”

“Ìkòkò ńlá kan. They buried it up to the neck. Òkúta wẹ́wẹ́ wà ní around ẹ̀. A rò pé omi mímu ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀.”

“Gbé bàtà ẹ wọ̀. Mú ìwé yẹn dání.”

Mọ́sálásí wa kò jìn sílé. Fìríìjì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ kí a tó gbà á. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti kírun alásárì tán, ẹni méjì péré ló kù nínú ilé. Mo ní kí Àmírà dúró sí ẹnu ọ̀nà kó wo ìlà tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì, àwọn ìlà tí a máa ń tò sí bí a bá fẹ́ kírun. Ojú títì ni ògiri ilé náà kọjú sí, nítorí ẹni tó kọ́ ọ kò ní Mẹ́kà lọ́kàn. Nítorí náà, gbogbo ìlà kápẹ́ẹ̀tì wa ló fì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú lèmọ́mù. Láti kékeré ni Àmírà ti ń forí kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sì ronú sí i rí.

Mo wá fa pẹpẹ bàtà kúrò lára ògiri. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì kò dé ibẹ̀. Àpá góòmù dúdú kan ṣì wà lára rẹ̀, ìlà méjì gbọọrọ, tààrà, ní ìbámu pẹ̀lú ògiri.

“Èmi ni mo ṣe ìyẹn,” ni mo wí. “1999. O ò tíì rìn. Òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kápẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé ògiri, ó parí. Mo ti fi góòmù lẹ ìlà méjì kí Àlùfáà Nasrullah tó wọlé, kí Ọlọ́run foríjì wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, ‘Bàbá Àmírà, ta ni ẹ fẹ́ ká máa kírun sí? Traffic light ọ̀hún?’”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín ní 1999. Góòmù ti mú. Ọ̀bẹ ni mo fi ń họ ọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń bú Àlùfáà nínú ikùn mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo tú, tí mo sì tún gé lọ́nà tí Òyìnbó yẹn ì bá fi lé mi níṣẹ́ bó bá rí i. Kápẹ́ẹ̀tì ti di mẹ́ta lórí ilẹ̀ yẹn láti ìgbà náà, èmi ni mo sì tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àmírà wo àpá góòmù, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìlà méjì tààrà, lẹ́yìn náà, ó fì. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wá ibi tí kíbùlà, ọ̀nà Mẹ́kà, wà fún ẹni tó bá dúró létí odò Ọya, ó gbé e lé àwòrán lórí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìbú ìka mi.

“Oh my days,” ó bo ẹnu. “Daddy, mosque ni. Ilé Kẹrin, mosque ni! And the pot by the door...”

“Àlùwàlá. Ilé ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di mọ́sálásí, bíi tiwa yìí. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹnì kan wọlé, ó ní kó dúró. Òun kò tú ìlà méjì ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Mo mọ̀ ọ́n, Àmírà. Mo mọ ọkùnrin yẹn bí mo ṣe mọ ara mi, ẹ̀yin sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ iṣẹ́.”

Ó dì mọ́ mi níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, ohun méjì péré ni. Kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ burúkú yẹn rẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé Mùsílíù Akínọlá, tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ní Peckham, ló rí i. Èmi tí wọn kò pe orúkọ mi láti bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo fẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan.

“I promise,” ni Àmírà wí. “Wallahi, Daddy.”

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Dókítà Ọlábọ̀wálé ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní library kí wọ́n tó ṣí ìpàtẹ náà. Yéwándé wà ní shift, èmi nìkan ni mo lọ. Mo wọ jàlàbíyà tí mo fi ń kí Yídì, mo sì jókòó sẹ́yìn. Ọmọ wa wà níwájú pẹ̀lú àwọn ará yunifásítì, kò mọ̀ pé mo ti dé. Dókítà yìí kò tíì pé ogójì ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, oníṣọ́ọ̀ṣì ni, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá Old Kent Road ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé àwòrán Ilé Kẹrin sójú ògiri, ó ní mọ́sálásí ni, pé ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní ààlà náà. Ó sọ ìtàn ìlà méjì tó tọ́ àti ìyókù tó fì. Ó ní oníṣẹ́ gidi ló ṣe é. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, omi sì lé sí mi lójú.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ jáde sójú ògiri. Orúkọ Dókítà wà níbẹ̀. Ti Àmírà wà níbẹ̀. Kódà, orúkọ ẹni tó ń darí drone tí wọ́n fi ya fọ́tò wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé local informant kan ní Peckham ló fi ọ̀rọ̀ ìlà yẹn tó wọn létí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè nawọ́, èmi kò nawọ́, mo dìde ni.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ta ni local informant?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ káàbọ̀, sir. Ẹnì kan nínú community ni.”

“Kò lórúkọ? Ẹni tó darí drone lórúkọ, ẹni tó la ojú yín kò lórúkọ? Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹ ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ẹ ó wá sọ olúwa rẹ̀ di èrò ọ̀nà. Ẹni tó to ilẹ̀ yẹn, unskilled lẹ kọ́kọ́ pè é. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú tán, ẹ wá yí ìwọ̀sí yẹn sọ́dọ̀ alààyè. Ojú kò tì yín? Ọmọ Yorùbá bíi tiwa!”

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni ni mò ń kí. Dókítà gbé máíkì kalẹ̀, ó tẹ̀ ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

“Ẹ jọ̀ọ́, sir, ẹ má bínú. I asked. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Àmírà ní orúkọ wọn, torí it bothered me too. She said the person didn’t want to be named. Òun ló kọ sentence yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni, sir?”

Mo wo ìpàkọ́ ọmọ mi láti ẹ̀yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú padà. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Kì í ṣe pé kí n foríjì í ló ń bẹ̀, ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ojú yẹn, ó ti fi wò mí rí nígbà tí mo fi ọkọ̀ tí mo fi ń kó kápẹ́ẹ̀tì lọ gbé e ní school.

Mo lè sọ ọ́. Orúkọ mi ti wà lórí ahọ́n mi. Àwọn Òyìnbó rẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, wọ́n á gbọ́ pé ó parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún kọ ọ́ sínú ìwé.

“Mo mọ ọkùnrin náà,” ni mo wí. “Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun. Mo ti gbàgbé ni. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Mo jókòó. Nígbà tí wọ́n parí, tí wọ́n ń pín juice àti bisikíìtì, àwọn èrò yí Àmírà ká. Mo gba ẹ̀yìn wọn kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí obìnrin Òyìnbó kan bi í bóyá ó mọ bàbá tó bínú yẹn.

“He’s from the community,” ni ọmọ mi fèsì.

Mo wọ bọ́ọ̀sì tí kò lọ sí ọ̀nà ilé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Sydenham kí n tó mọ̀. Bí mo ṣe padà délé, ó ti dé ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀ sílé ìdáná, ó ń sunkún.

“Daddy, ẹ jẹ́ kí n explain. If I’d put ‘my dad’, wọ́n á sọ pé family story ni, it’s not evidence. They already look at me like I snuck in. And if I’d said you’re a...”

“Sọ ọ́.”

“Ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí, Daddy.”

“Mi ò mọ̀ wọ́n. Ìwọ ni mo mọ̀. Sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe jáde lẹ́nu ẹ.”

Kò lè sọ ọ́. Mo sọ ohun gbogbo tó wà níkùn mi, kò sì kéré. Mo ní, “Ọkùnrin Ìbodè-Ọya, ẹ ò kọ orúkọ rẹ̀ torí pé ó ti kú, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo jókòó níwájú ẹ níbí yìí, mò ń mu tíì!”

“I’ll fix it. Mo máa bá Dr sọ̀rọ̀ lọ́la.”

“Èyí tó wà lára wall ńkọ́?”

“They’ve printed it,” ló wí. “Ìwé exhibition náà ti jáde, Daddy.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀ kọjá ìkíni. Yéwándé bẹ̀ mí títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ní Saturday kejì, lèmọ́mù pè mí lórí fóònù ní àárọ̀. Páìpù ibi àlùwàlá ti bẹ́, omi ti wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbé irinṣẹ́ mi lọ. Mo ká igun tó rin kúrò nílẹ̀, mo nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́. Ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo fà ní 1999 ṣì wà lára sìmẹ́ńtì, ó fì bó ṣe yẹ kó fì.

Mo jókòó ti ìlà yẹn, inú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ro ẹni tó máa wa ilẹ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí Peckham bá ti di igbó, tí wọ́n á máa sọ pé ta ni aláìmọṣẹ́ tó ṣe èyí. Kò sí local informant tí wọ́n máa rí bi nígbà yẹn. Mo fa máàkà tí mo fi ń sàmì sí ilẹ̀ yọ, irú èyí tí omi kì í fọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: ILẸ̀ YÌÍ KÒ WỌ́. MO MỌ OHUN TÍ MÒ Ń ṢE. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìbínú kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, mi ò tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Mo fà sẹ́yìn láti kà á. BÀBÁ ÀMÍRÀ ni mo kọ.

Ọ̀bẹ tí mo fi ń họ góòmù wà lẹ́bàá orúnkún mi. Mo mú un. Mo gbé e lé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ yẹn, mo sì dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ mi kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo jù ú sínú àpótí. Mo ta góòmù yí i ká, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

“Bàbá Àmírà,” lèmọ́mù pè láti ibi àlùwàlá, “ṣé ó ti parí?”

Inú ṣì ń bí mi. Mo ní ó ti parí.